Wọ́n Ní Àwọn Fẹ́ Lo Ọmọ Wa

Bí o bá fẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe ń rùn, po òrí pọ̀ mọ́ kàfúrà, fi oògùn funfun tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ọsibítù sí i, kí o wá kó gbogbo rẹ̀ sínú yàrá gbọọrọ kan tí ọmọ wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, nígbà tí òjò ń rọ̀ tí kò sí ẹni tó lè ṣí fèrèsé. Òórùn wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé nìyẹn, ní ọsibítù kan lápá Yábàá, láwọn ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí àwọn onímọ́tò máa gba apá ọ̀tún, tí àwọn ìyá àgbà ṣì ń wo ibi tí mọ́tò kò ní í gbà wá kí wọ́n tó sọdá títì. Òrí àti kàfúrà yẹn, àwọn ìyá ọmọ ló ń gbé e wọlé sábẹ́ ìró. Bí nọ́ọ̀sì bá gbà á lọ́wọ́ wọn láàárọ̀, òmíràn á ti dé nírọ̀lẹ́. Òun ni wọ́n fi ń wọ́ orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ àwọn ọmọ náà, nítorí pé inú eegun gan-an ni ìrora tó gbé wọn débẹ̀ fi ṣe ilé.

Télọ̀ ni mí nígbà náà, télọ̀ ni mo sì jẹ́ títí ojú mi ò fi rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Muṣin. Àárọ̀ dalẹ́, abẹ́rẹ́ ni mo fi ń jẹun, síbẹ̀ bí nọ́ọ̀sì bá yọ abẹ́rẹ́ tirẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni o ó ti bá mi. Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Mo lè ka ibi tí bọ́ọ̀sì ń lọ, mo lè kọ ìwọ̀n àyà àti ìbàdí oníbàárà sílẹ̀, ó parí. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, kò tilẹ̀ kà tó bẹ́ẹ̀. Onídìrí ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju eyín òòyà tó fi ń la irun lọ. Agboolé àwọn ará Ìwó kan tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi ló fẹ́ ọkọ sí. Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ rẹ̀, ó ń ná Kánò, ó sì máa ń pẹ́ lọ́nà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló wà nílé, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àlájà, obìnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àbúrò mi ní ọmọbìnrin kan tó ti ń sọ̀rọ̀ bí àgbà kó tó tó ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí ilé kéú. Láti kékeré ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ náà ti máa ń wú bí ẹni tí oyin ta. Ẹyin ojú rẹ̀ á pọ́n bí iyeyè. Bí òjò bá rọ̀ jù tàbí tí ọyẹ́ bá dé, ìrora á wọ inú eegun rẹ̀, á máa ké, gbogbo ilé á dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á dìde, á ní òun fẹ́ jẹ mọ́ín-mọ́ín. Àwọn àgbà ní orúkọ fún un: fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àlájà gbé e lọ sí Ìwó láti tọ́jú rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó fòní kú, kò fọ̀la dìde.

Nítorí náà, nígbà tí èyí obìnrin tún dákú lọ́dún yẹn, àbúrò mi ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbé e pọ̀n, ó di ọsibítù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé. Ọmọ Yorùbá ni o, irun rẹ̀ rí gàǹgà bí agbòòrùn, ẹnu ṣòkòtò rẹ̀ sì fẹ̀ tó ń bá àwọn agbálẹ̀ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́hùn-ún tó fi jẹ́ pé Yorùbá rẹ̀ ti dà bí aṣọ àtàtà tó pẹ́ nínú àpótí: kò ya, ó kàn ti rún. Ìwádìí ló ń ṣe lórí àìsàn yẹn. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń jí ìrora náà, àti ìdí tí ọmọ kan fi ń là á já tí òmíràn kì í là á. Ó fẹ́ kí wọ́n máa gbé àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ òun déédéé, kódà nígbà tí ara wọn bá le, kí òun máa gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wò, kí òun máa fún wọn ní oògùn ibà kí ibà tó dé, kí òun sì máa ṣọ́ ìyàtọ̀ tí yóò bá wọn.

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. Òyìnbó ló fi rò ó, ó wá fi Yorùbá gbé e jáde. Ó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àbúrò mi àti Àlájà tó wá wo ọmọ, ó ní:

“Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ lo ọmọ yín.”

Ìwọ náà mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ nílùú yìí. A ń lo ọṣẹ, a ń lo ìgbálẹ̀, èmi ń lo máṣíìnì. Bí wọ́n bá ní wọ́n lo èèyàn, kò sí ẹni tó ń bèèrè ohun tí wọ́n lò ó fún. Owó ni. Àwọn ọdún yẹn gan-an sì ni ariwo gbọ́mọgbọ́mọ gba gbogbo ìgboro, tó jẹ́ pé bí àlejò bá fún ọmọ rẹ ní gúgúrú, ìwọ ni o ó kọ́kọ́ pariwo olè. Àlájà ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣẹ́ kù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ kan tó wọ̀ ló fi dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Muṣin.

“Wọ́n fẹ́ lo ọmọ wa!”

Apá ẹ̀wù ni mò ń rán. Ìgbà tí mo fi máa wolẹ̀, mo ti rán an mọ́ ọrùn. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Àlájà?”

“Dókítà fúnra ẹ̀! Kò tiẹ̀ fi bò fún wa. Ẹ̀rín ló ń rín!”

“Ìyá ọmọ ńkọ́?”

“Mo fà á lọ́wọ́ títí, kò dìde. Wọ́n ti fọwọ́ bà á ni. Ojú ẹ̀ ti yàtọ̀.”

Kí n tó pa máṣíìnì dé, ilé ti pé jọ. Wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn: wọn ó gba ọmọ jáde lọ́jọ́ yẹn gan-an, ọkọ̀ Ìwó tó bá kọ́kọ́ gbéra ni yóò sì gbé òun àti Àlájà lọ. Ìyá rẹ̀ lè máa ṣe dókítà lọ tó bá wù ú. Ó ku ẹni tí yóò lọ gbé ọmọ. Gbogbo àwọn ọkùnrin ilé náà, tí wọ́n ń fi àyà gbá ara wọn láàárọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé. Àlájà wá kọjú sí mi.

“Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ẹnu tìẹ ló máa gbọ́.”

“Àlájà, ṣé ẹ ò rò pé ó yẹ ká kọ́kọ́ dúró de bàbá ọmọ?”

“Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni?”

“Ẹ̀rù kẹ̀? Èmi? Ẹ kàn jẹ́ n wá fìlà mi.”

Orí mi ni fìlà wà. Àlájà bọ́ tírà kan lára ara rẹ̀, ó so ó mọ́ mi lápá òsì, ó fún un pinpin. Ó ní pẹ̀lú ìyẹn, wọn ò ní lè lò mí. Nínú bọ́ọ̀sì, mò ń ro bí n óò ṣe gbé ọmọ náà sá kọjá lẹ́nu géètì. Bí wọ́n bá tilẹ̀kùn ńkọ́? Bí wọ́n bá ní èmi náà sanra, kí n wá jókòó díẹ̀ ńkọ́? Kí bọ́ọ̀sì tó dé Yábàá, mo ti lo ara mi tán, wọ́n ti pín owó mi.

Mo dé wọ́ọ̀dù. Àwọn ìyá ọmọ tó kù ti dá iṣẹ́ ọwọ́ wọn dúró, wọ́n ń wòran. Ọmọ náà fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó là á sílẹ̀. Àbúrò mi fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí níwájú dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wá sí bẹ́ẹ̀dì náà, ó gbójú sókè wò ó bí ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í di irun gàǹgà yẹn.

“Ẹ tún un sọ,” ló ń wí.

Dókítà tún gbìyànjú. “Mo ní... a fẹ́ ṣe àmúlò...”

“Họ́wù! Ó tún le sí i!”

Nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́yìn wọn, obìnrin kúkúrú kan tó ti dàgbà díẹ̀, dá sí i. “Ìyá ọmọ, ẹ jẹ́ n bá yín ṣàlàyé.”

“Rárá o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ẹnu tó fi bà á jẹ́ ni kó fi tún un ṣe.” Ó yíjú sí dókítà. “Ṣé ọmọ mi lẹ fẹ́ lò, àbí àìsàn ọmọ mi lẹ fẹ́ mọ̀?”

“Àìsàn náà ni.”

“Kí lẹ mọ̀ nípa ẹ̀ báyìí?”

Dókítà wo ilẹ̀. “Kò pọ̀.”

“Ta ló máa wá kọ́ yín ní èyí tó kù?”

Mo rí i tó gbójú sókè wo ọmọ náà, tó tún wo àwọn bẹ́ẹ̀dì tó tò lọ títí dé ògiri. “Àwọn ọmọ wọ̀nyí,” ló wí.

“Ẹ̀n-ẹ́n! Kí ló dé tẹ́ ò sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́gbọ́n lára ọmọ mi.”

“A fẹ́ kọ́gbọ́n lára ọmọ yín,” ni dókítà wí, ó rọra ń gbé e kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń to ẹyin.

“Mo gbọ́. Ó ku owó ilé-ìwé.”

Àwọn ìyá ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí wọ́n bá rí lára ọmọ òun, òun ni wọ́n yóò kọ́kọ́ sọ fún, ní Yorùbá tó dán mọ́rán, kó tó dé inú ìwé tàbí etí òyìnbó kankan. Ó ní ọjọ́ tí òun bá sọ pé ó tó, ó tó nìyẹn, wọn ò sì ní torí ìyẹn kọ̀ láti tọ́jú ọmọ òun. Ó ní bí èyí bá nira fún wọn, kí wọ́n wí kí òun mọ ibi tí òun máa gbé e lọ. Mo ti gbé ilé ayé yìí pẹ́ díẹ̀, mo ti rí àwọn tó gboyè tí wọn ò lè sọ irú rẹ̀ níwájú ẹni tí ẹ̀mí ọmọ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà náà gbà. Ó gbà níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù.

Ìgbà yẹn ni àbúrò mi wá rí mi.

“Bọ̀dá, ẹ káàbọ̀. Àlájà ló rán yín.”

“Ta? Rárá... mo kàn ní kí n wá kí ọmọ.”

“Pẹ̀lú tírà lápá?”

Mo fa apá ẹ̀wù mi wálẹ̀. Ó ti pẹ́ jù. Ó mú mi lọ́wọ́ bí ẹni mú ọmọ tó fẹ́ wẹ̀. “Ẹ kú àpọ́nlé. Dókítà fẹ́ wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ilé ìyá ọmọ. Ẹ̀yin ni ará ilé tí mo ní. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ na apá.”

Wò ó, ọ̀nà méjì ló wà níwájú mi. Bí mo bá gbé ọmọ náà, tí mo dìde, àbúrò mi ò lè bá mi jà kó borí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ náà á ti wà lójú ọ̀nà Ìwó, ìrora nínú eegun, nínú ọkọ̀ tí ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Mo wo ojú ọmọ náà tó pọ́n yẹn. Mo rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo jókòó. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé ìgboyà ni. Orúnkún mi ló kọ́kọ́ jókòó, èmi ni mo tẹ̀ lé e.

“Ẹ bọ́ ìyẹn ná,” ni nọ́ọ̀sì wí nípa tírà.

“Àlájà ní kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀.”

“Àlájà kọ́ ló ni iṣan tí mò ń wá.”

Ọmọ náà nawọ́ kékeré kan sí mi láti orí bẹ́ẹ̀dì. “Bọ̀dá, ẹ má wò ó. Ẹ máa wo fèrèsé. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn.” Èmi tí mo ti gún ara mi lábẹ́rẹ́ láìmọye ìgbà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gba abẹ́rẹ́. Mo wo fèrèsé. Mo ké. Nọ́ọ̀sì ní òun ò tíì fọwọ́ kàn mí.

Lẹ́yìn náà ni dókítà mú èmi àti àbúrò mi lọ sí yàrá kékeré kan, ó ní kí n fi ojú kan wo inú ẹ̀rọ kan. Ẹ̀jẹ̀ tèmi ló kọ́kọ́ fi hàn mí. Róbótó róbótó ni, bí ìgbà tí wọ́n da bọ́tìnì kún orí tábìlì, inú mi sì dùn pé ara mi tó ń gbọ̀n báyìí, inú rẹ̀ létò. Ó wá fi ti ọmọ náà sí i. Bọ́tìnì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan ti tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀, ẹnu wọn ṣóńṣó, bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Dókítà ní àwọn tó tẹ̀ yẹn ni kì í lè gba inú iṣan tóóró kọjá. Wọ́n á dì mọ́ra wọn, ọ̀nà á dí, ibi tí ọ̀nà bá ti dí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn yé mi. Òwú tó bá ta kókó kì í gba ihò abẹ́rẹ́. Mo wo àwọn oṣù kékeré wọ̀nyẹn títí ojú fi ń ro mí. Ohun tó kéré báyìí, tí èèyàn ò lè rí láìlo ẹ̀rọ, òun ló gbé ọmọkùnrin kan lọ mọ́ wa lọ́wọ́, tí a sì ń bi ara wa léèrè ẹni tó ṣẹ̀. Inú bí mi. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí ìbínú mi ju ẹ̀rù mi lọ.

Ìbínú yẹn ni mo gbé wọ bọ́ọ̀sì padà. Ó kù díẹ̀ kó tán kí n tó dé Muṣin, mo ní láti máa rọra fẹ́ ẹ bí iná èédú. Àlájà ti di ẹrù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

“Ọmọ dà?”

“Ó wà níbẹ̀, Àlájà. Ó máa wà níbẹ̀ títí ara ẹ̀ á fi yá.”

“Wọ́n ti lò ó!”

“Èmi ni wọ́n lò.” Mo ká apá ẹ̀wù mi, mo fi òwú tí nọ́ọ̀sì lẹ̀ mọ́ mi hàn wọ́n. “Ẹ wò ó. Ẹ tún wo àpò mi. Ṣé owó ti ń jáde?”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Àlájà ò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ kún fún omi, mo sì rí i pé gbogbo ariwo yẹn, ìfẹ́ ni. Obìnrin náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ sìnkú ọmọ ọmọ kan. “Ṣé ọmọ mi lo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́?” ló wí. “Bó bá kú sí wọn lọ́wọ́ ńkọ́?”

“Àlájà, ẹ má bínú. Èyí àkọ́kọ́ kú, a ò mọ ohun tó pa á. Èyí, bí Ọlọ́run bá dá a sí, a ó dúpẹ́. Bí kò bá sì dá a sí, kò ní lọ láìsí ẹni tó bèèrè ìdí. Mi ò ní gbé e wá fún yín.”

Mo sọ ọ́ tán ni mo rántí pé mi ò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àgbà rí. Mo wọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ti ilẹ̀kùn, mo mu omi tútù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Àlájà ti ránṣẹ́ pé kí àbúrò mi má padà sílé òun mọ́, níwọ̀n ìgbà tí dókítà ti di ọkọ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wá ń gbé lọ́dọ̀ mi nìyẹn. Mo ta kọ́tìnì sí àárín ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni ọmọ náà ń sùn sí, lórí àjákù àǹkárá. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni ìyá rẹ̀ ti ń dirun. Bó bá di ọjọ́ tí dókítà dá, á pọ̀n ọ́n, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé àwọn àna rẹ̀ kọjá, á sì kí wọn sókè ketekete: “Ẹ káàárọ̀ o! À ń lọ kọ́ dókítà níwèé!” Wọn kì í dáhùn. Ohun tó ń bí wọn nínú jù ni pé ara ọmọ náà le. Ta ló ń gbé ọmọ tó ń sáré kiri lọ sí ọsibítù? Kí ni wọ́n ń wá lára rẹ̀? Nígbà tí bàbá ọmọ ti Kánò dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, fìlà lọ́wọ́, ó gbọ́ tìyá rẹ̀, ó gbọ́ tìyàwó rẹ̀. Kò dá ẹjọ́ kankan. Ọmọ náà ló fa ìka rẹ̀. “Bàbá, ó ku tiyín. Ẹ máa wo fèrèsé.” Ó tẹ̀ lé wọn lọ na apá.

Ó pẹ́ kí dókítà tó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ṣùgbọ́n ó mú un ṣẹ. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, gbogbo wa jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn níta yàrá rẹ̀. Ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ta ni mo rí? Àlájà ni. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ̀rọ̀, bàtà òun lòun wá mú. Dókítà jáde wá, ó lóṣòó síwájú àbúrò mi. Ó ní òun ń rìnrìn àjò lọ bá àwọn dókítà ẹgbẹ́ òun, òun fẹ́ ka ohun tí àwọn rí fún wọn, ṣùgbọ́n òun ti jẹ gbèsè kan.

“Ìyá ọmọ, ohun tí a rí lára yín àti lára àwọn ọmọ nìyí. Àìsàn yìí kì í ṣe ẹ̀bi ìyá nìkan, kì í ṣe ti bàbá nìkan. Àwọn méjèèjì ló ní in nínú ẹ̀jẹ̀, ara wọn le, wọn ò mọ̀. Ọmọ gba ti ọ̀tún, ó gba ti òsì. Àwọn ọmọ tó ń wá nígbà tí ara wọn le, ibà kì í gbé wọn ṣánlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. A ò tíì rí oògùn tó lè lé e lọ pátápátá.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìkọsẹ̀. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó ti ń fi dánra wò fún un látàárọ̀.

“Ẹ ò tíì rí i,” ni àbúrò mi wí.

“A ò tíì rí i.”

“Ó dáa. Ẹ tẹra mọ́ ẹ̀kọ́ yín.”

Láti ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì ni ohùn kan ti dé. “Ọmọ tèmi, bàbá ọmọ yìí, òun náà wà ńbẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, màmá,” ni dókítà wí. “Ọ̀dọ̀ yín ló ti rí i, tàbí ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀.”

“Bàbá ẹ̀ ni,” ni Àlájà wí lójú ẹsẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, kò lè jiyàn. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Mo rò pé ọmọkùnrin tó lọ sí Ìwó yẹn ló ń rò. Ó wá dìde, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó kọ ẹ̀yìn sí i. “Gun ẹ̀yìn mi,” ló wí. Ẹ̀yìn Àlájà ni ọmọ náà gbà padà sí Muṣin, ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ilé ọkọ rẹ̀ sì ni wọ́n yà sí.

Àìsàn ò lọ. Kí n má tàn ọ́. Ìrora ń wá, ó ń lọ, a ń gbé e dé wọ́ọ̀dù, a ń gbé e padà. Ọmọ náà ti ń lọ sílé-ìwé nígbà tí a mú un lọ lọ́jọ́ kan tí àwọn àlejò dé bá dókítà, àwọn àgbà dókítà láti òkè òkun àti láti ìlú mìíràn, ẹ̀wù funfun lọ súà. Ọmọ náà kúnlẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ káàárọ̀, mà.” Wọn ò gbọ́. Wọ́n ń sọ òyìnbó lọ lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé e sórí tábìlì, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó nawọ́ sí abẹ́ ìhà òsì rẹ̀ níbi tí inú rẹ̀ ti máa ń le, kó lè fi han àwọn yòókù.

Ọmọ náà fa aṣọ rẹ̀ wálẹ̀. “Mo kí yín. Ẹ ò dá mi lóhùn.”

Mo wá ibi tí n óò sá sí. Àbúrò mi ò mira. Dókítà wa ló túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, mo sì rí i pé kò bu iyọ̀ sí i, kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn òyìnbó náà, tí irun rẹ̀ ti funfun, bi dókítà ní nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́. Ó wá tẹrí ba títí ojú rẹ̀ fi ṣe déédéé tọmọ náà. “Ẹ... ka-a-rọ.” Ohùn rẹ̀ ò dára rárá. Ọmọ náà wò ó láti òkè délẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń wo èèyàn. Ó ní ó tó bẹ́ẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká aṣọ rẹ̀ sókè.

“Ẹ lè wò ó báyìí.”

Mo ti ronú lórí ọjọ́ yẹn títí. Ọmọ ìyá mi ò lè gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ àìsàn, kò sì sí dókítà tó lè gbà á nígbà náà. Ohun tó lè gbà ló gbà: pé ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ náà, ì báà jẹ́ láti wò ó sàn, ì báà jẹ́ láti kẹ́kọ̀ọ́, ì báà jẹ́ láti fẹ́ràn rẹ̀, kó mọ̀ pé ẹnì kan ń bẹ nínú aṣọ yẹn. Èmi rò pé ìjà yẹn ti pọ̀ jù fún onídìrí kan ní Muṣin. Mo ń gbọ̀n jìnnìjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jálẹ̀jálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ni mo wà.

Ọmọ yẹn wà láyé. Sùúrùlérè ló ń gbé, òun náà ti bímọ. Eegun rẹ̀ ṣì ń dùn ún bí ọyẹ́ bá dé, ó sì ń bá gbogbo ayé jà: onílé, tíṣà ọmọ rẹ̀, àwọn dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ gan-an. Wọ́n a sì máa wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn mí, pé kí n bá ọmọ mi sọ̀rọ̀, pé ẹnu rẹ̀ ti le jù. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rojọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi wọ́n pé, “Nígbà tó kí yín, ṣé ẹ dá a lóhùn?”